Sàréè Inú Pápá Bàálù

Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé pápá bàálù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ tàn. Ó ti rò pé Ìkẹjà ni, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wọ́ báàgì onítáyà lẹ́yìn ara wọn, tí wọ́n ń dì mọ́ra wọn, tí wọ́n ń sunkún. Bí mo bá wá ní rárá, Alímọ̀ṣọ́ níbí ni, lẹ́yìn Ìṣẹ̀rí-Ọlọ́fin, kí èèyàn tó kan Ìgàndó, ojú yẹn á ṣú padà. "Ṣé pápá yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ ni?" Èmi náà á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ jàre. Àbí kí lẹ rò pé mò ń lọ ṣe níbẹ̀ láràárọ̀?" Ó máa ń bí mi nínú, n ò ní purọ́.

Pápá kékeré ni lóòótọ́. Títì bàálù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ilé gogoro kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ilé alájà méjì lọ, mọ́tò panápaná kan, àti àpò aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan lórí òpó, tó ń fi ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí hàn wá. Àwọn bàálù ńlá tó ń lọ sí Ìkẹjà ń gba orí wa kọjá, wọn kì í tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Àwọn wẹ́wẹ́ ló ń bà sọ́dọ̀ tiwa: àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù, àwọn olówó tí wọn ò ní sùúrù fún ọ̀nà Ìkọ̀tún, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bàálù tó gbé aláìsàn wá láti àwọn ìlú òkè. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo ojú ọjọ́. Mo ń wo ìkùukùu, mo ń wo atẹ́gùn, mo ń sọ ohun tí mo rí fún àwọn tó wà nínú ilé gogoro, àwọn náà á sọ fún awakọ̀.

Ṣùgbọ́n bàálù nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí pápá náà wúlò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ẹnu yà mí. Títì bàálù máa ń gbóná ju orí àpáta lọ lọ́sàn-án, nítorí náà àwọn obìnrin àdúgbò a máa sá làfún sí etí rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tó ń kọ́ mọ́tò wíwà á kó ara wọn dé. Àwọn ilé ìwé ń sá eré ìje níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ń kírun ọdún lórí koríko apá ọ̀tún, àwọn ọmọ ìjọ sì ń ṣe ìsọjí ní apá òsì. Bí bàálù bá ń bọ̀, mọ́tò panápaná á fọn fèrè. Fèrè àkọ́kọ́ wà fún àwọn onílàfún, èkejì wà fún àwọn tó ń kọ́ mọ́tò, ẹ̀kẹta wà fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kì í sì í gbọ́, àfi kí ẹnìkan sáré lọ lé wọn.

Àwọn àgbà ní nígbà tó kù díẹ̀ kí òmìnira dé ni wọ́n la pápá náà. Oko ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ àti obì, pẹ̀lú abà káàkiri. Katakata dé lọ́jọ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé, ó ń hú igi. Wọ́n ní ìlọsíwájú ló dé. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, oníkálukú ló ní bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi tí n kò lè gbàgbé mọ́. Ìyá onílé mi ni.

Ọmọ Èkìtì ni mí, Áńgílíkà ni mí, ilé rẹ̀ ni mo sì ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé ni ìyá náà. Ìdílé wọn ló ni èyí tó pọ̀ nínú ilẹ̀ tí pápá bàálù wà lórí rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ, èmi tí wọ́n sì ń pè ní ẹlẹ́nu mímú nìyẹn. Láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, orí àga rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ni màá ti bá a.

"Ọmọ Èkìtì," á ní, "ẹ̀yin tí ẹ ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀, ṣé kí n sáṣọ lónìí?"

"Ẹ sá a, Màmá. Òòrùn á mú."

Bí òjò bá wá rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbé. Odindi ọ̀sẹ̀ ni yóò fi máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ìjọba ń sanwó fún ayálégbé òun kó lè máa purọ́ mọ́ òjò.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Ìtùnú Àwẹ̀, ìyá yìí máa ń wá sí pápá bàálù. Á wọ aṣọ funfun, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Baruwa á wà pẹ̀lú rẹ̀, Alfa àdúgbò á tẹ̀ lé wọn. Wọ́n á gba ẹnubodè wọlé, wọ́n á rìn gba inú koríko lọ sí ìdí pẹ́rẹ́gún kan tó dá dúró ní ọ̀ọ́kán títì bàálù. Ìdí pẹ́rẹ́gún yẹn ni sàréè ìyá tó bí i wà. Kò sí ọ̀gá tó jẹ ní pápá yẹn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, á sọ fún èyí tó ń bọ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn máa wọlé o." Ọdún kan wà tí bàálù kan dé nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Mo wà nínú ilé gogoro lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní kó máa yí po lókè ná. Awakọ̀ béèrè pé kí ló dé, ó ní, "Wọ́n ń ṣàdúrà." Awakọ̀ náà ní, "Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ mi sí i." Títí dòní ni mo fi ń rẹ́rìn-ín sí i.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá onílé mi sọ ìtàn náà fún mi. Ọmọdé ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní abà. Àkókò òjò ni, odò kún, wọn kò lè gbé òkú sọdá wá sílé, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà abà, wọ́n gbin pẹ́rẹ́gún lé e lórí. Bàbá rẹ̀ máa ń mú un lọ síbẹ̀ láràárọ̀ tí wọ́n bá ń lọ sóko, á ní, "Kí ìyá rẹ." Òun náà á kúnlẹ̀, á kí i, wọ́n á kọjá. Kò pẹ́ tí katakata fi dé. Inú bí bàbá náà débi tó fi búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́ láéláé, kò sì tẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú. Nígbà tí ìyá onílé mi wá di abilékọ, tí òun náà ti bímọ, ọkàn rẹ̀ fà sí ìyá rẹ̀. Ó lọ bẹ àwọn tó ń ṣọ́ pápá, wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ohun gbogbo ti yí padà. Kò sí abà, kò sí ọ̀nà, kò sí igi obì. Pẹ́rẹ́gún kan ṣoṣo ló rí, tó tutù yọ̀yọ̀ láàárín koríko.

"Mo ṣubú lé e," ló sọ fún mi. "Mo ní, Ìyá mi, wọ́n hú gbogbo nǹkan, wọn ò lè hú yín."

Èmi tí n kì í tètè sunkún, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá tuntun kan wá dé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n má bà á lórúkọ jẹ́. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní wọ́n fẹ́ fi ògiri yí pápá ká. Ó ní ọjọ́ tí bàálù bá kọ lu ewúrẹ́ tàbí ọmọ ènìyàn ni gbogbo ayé máa mọ̀ pé a wà. Àwọn onílàfún á wá ibòmíràn, àwọn tó ń kọ́ mọ́tò á wá ibòmíràn. Kò sì ní sí wíwọlé fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ tàbí èrò bàálù mọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ ọdún. Mo na ọwọ́ sókè, mo béèrè nípa sàréè ìyá onílé mi. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ẹbí bá lè fi ojú ibẹ̀ hàn, kí wọ́n wá gbé òkú wọn lọ sílé kí wọ́n tó mọ ògiri náà dé apá ibẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá onílé mi. Mo rò pé yóò bínú bíi ti bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ìyá mi á wálé," ó ní.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti dà bí ọmọge. Ó bi Alfa léèrè, Alfa ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ náà fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó yan ojú ibì kan nínú ọgbà, lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí òjìji máa ń ta sí ní ọ̀sán. Ó ní kí ìyá òun sùn síhìn-ín, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sílẹ̀ fún òun. Èmi àti òun la jọ lọ sí ọjà Ìkọ̀tún lọ ra aṣọ funfun. Ó dá aláṣọ kan dúró, ó ń fọwọ́ pa aṣọ wò, ó ní èyí le jù, ó ní èyí fẹ́lẹ́ jù. Aláṣọ béèrè pé ta ló kú. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kú o. Àlejò ni mò ń retí."

Àárọ̀ ni a lọ sí pápá lọ́jọ́ náà, kí bàálù kankan tó gbéra. Ìyá, àkọ́bí rẹ̀, Alfa, àwọn agbẹ́sàréè méjì, àti èmi tí ọ̀gá ní kí n mú wọn wọlé. Wọ́n gbé àga kan fún ìyá, ó jókòó, aṣọ funfun wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Alfa ṣe àdúrà. Wọ́n gé pẹ́rẹ́gún, wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ náà le. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé orúnkún, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, erùpẹ̀ pupa ṣáá ni. Ọ̀kan nínú wọn wá ní òun rí nǹkan, gbogbo wa dìde. Èédú ni. Èédú dúdú, tó pọ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi àpáàdì lé e lórí. Wọ́n tún gbẹ́ sí i kọjá ibẹ̀, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí òsì. Kò sí eegun, kò sí nǹkan kan.

Alfa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ó ti pẹ́. Ilẹ̀ ti gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sínú aṣọ yìí, ká gbé e relé. Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn wa." Àkọ́bí ìyá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn agbẹ́sàréè ti ń bu erùpẹ̀ jọ. Èmi náà, mo fara mọ́ ọn. Ara tù mí pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ ní ojútùú.

Ṣùgbọ́n ìyá ní kí wọ́n gbé èédú yẹn fún òun. Wọ́n gbé e fún un. Ó fi ìka rún un, ó wò ó, ó yí àpáàdì náà síwá sẹ́yìn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ má bu erùpẹ̀ kankan," ó ní.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Ààlà ni."

Ọmọ rẹ̀ kò lóye. Èmi náà kò lóye, nítorí pé ẹni tó bá ń sanwó ilé kì í mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìyá wá ṣàlàyé fún wa, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí àwọn baba wọn bá fẹ́ pín oko, èédú ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ní ojú ààlà, wọ́n á fi àpáàdì bò ó, wọ́n á gbin pẹ́rẹ́gún lé e. Ènìyàn burúkú lè fi òru hú pẹ́rẹ́gún kó sì lọ gbìn ín síwájú, ṣùgbọ́n èédú kì í jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa rántí hú u. Bí ìjà bá dé, wọ́n á gbẹ́lẹ̀, èédú á jẹ́rìí. Bàbá rẹ̀ ló fi èyí kọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Pẹ́rẹ́gún kan ti wà lójú sàréè ìyá rẹ̀ rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n katakata ti hú u lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Èyí tó kù yìí ni wọ́n fi pààlà láàárín oko wọn àti oko aládùúgbò.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Mo mọ̀ pé pẹ́rẹ́gún ni wọ́n fi ń pààlà. Ọmọ onílẹ̀ ni mí, báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ni mò ń wá lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mò ń wá náà ni mo rí."

Alfa tún gbìyànjú. Ó ní kí wọ́n ṣá bu erùpẹ̀ díẹ̀, pé ilẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ìyá wò ó.

"Alfa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ààlà oko ni kí n sin sínú ọgbà mi, kí n máa pè é ní ìyá?"

Àwọn agbẹ́sàréè gbé ṣọ́bìrì wọn sílẹ̀.

Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan di ọmọ rẹ̀ mú. Ó kọjú sí apá ibi tí odò wà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bí èyí bá jẹ́ ààlà, abà á wà ní ọ̀tún. Ọ̀nà abà á gba ìsàlẹ̀ wá. Ibi tí mo ti máa ń kúnlẹ̀..." Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí kò sí mọ́, gbogbo wa sì ń fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀, títí ọwọ́ náà fi dúró. Orí títì bàálù ló dúró sí.

Mo gbàdúrà pé kó má sọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

"Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Gbogbo bàálù tí mo ti rí níbí, orí ìyá mi ni wọ́n ń bà lé."

Ó ká aṣọ funfun náà, ó fi sí abẹ́ apá, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sílé.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dára. Ọmọ rẹ̀ ti fi erùpẹ̀ dí ihò tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ de òkú náà ní ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìyá ṣì ń jókòó sórí àga rẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè òjò mọ́. Bí mo bá kí i, á dáhùn, kò ní fi yẹ̀yẹ́ kankan sí i. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́, bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, tí mo bá gbọ́ bí táyà rẹ̀ ṣe ń ké lórí títì, inú mi á kàn máa bàjẹ́. Mo ń bínú sí bàálù, mo ń bínú sí katakata tó ti di irin jíjẹrà kí wọ́n tó bí mi, mo tilẹ̀ ń bínú sí bàbá rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó padà síbẹ̀ fi ojú ibẹ̀ han ọmọ nígbà tí ẹnìkan ṣì lè fi í hàn án. Mo mọ̀ pé ó ní ìdí láti bínú. Síbẹ̀, ọmọ ni ìbínú náà jẹ níyà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó tì í. Mo rò pé mo ní ọ̀rọ̀ ìtùnú. Mo ní, "Màmá, gbogbo àdúrà tí ẹ gbà níbẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ ọ. Ọlọ́run ò ní sọ pé ibi tí ẹ dúró sí kọ́ ló yẹ kí ẹ dúró sí."

Ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé Ọlọ́run gbọ́. Ìyá mi ńkọ́? Ṣé òun mọ̀ pé mo ń wá?"

Gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́ láti kékeré, n kò rí èyí tó bá a mu. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe eegun ló ń wá. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé kó máa kí ìyá rẹ̀ láràárọ̀ ni, tó sì wá rí i pé ààlà oko ni òun ń kí láti ọjọ́ yìí wá.

Lẹ́yìn náà ló béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Báwo ni títì bàálù yẹn ṣe gùn tó?"

"Ó gùn, Màmá. Ó tó láti ibí dé ọjà."

"Ṣé wọ́n ti mọ ògiri náà tán?"

"Ó ku apá ẹnubodè."

"Bá mi bẹ ọ̀gá yín. Mo fẹ́ rìn ín."

Mo ní, "Màmá, pẹ̀lú orúnkún wo?"

Ó ní, "Orúnkún tí mo ní náà ni."

A jiyàn díẹ̀ lórí rẹ̀. Mo sọ nípa òòrùn, mo sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó kàn ń wò mí títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo ti ṣètò gbogbo ohun tí màá sọ bí ó bá kọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ń fi ìka lu tábìlì. Ó ní òun náà ní ìyá. Ó ní kí a wá láàárọ̀ kùtù, pé mọ́tò panápaná á máa tẹ̀ lé wa ní ẹ̀yìn, kí a má sì ba títì jẹ́. N kò mọ bí àwa méjì ṣe fẹ́ ba títì jẹ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a dé orí títì. Ọ̀dà dúdú náà fẹ̀, ó lọ títí kò lópin, àwọn ilà funfun wà láàárín rẹ̀. Ìyá bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ di òun mú àfi bí òun bá ní kí n di òun mú. Èmi náà bọ́ bàtà tèmi.

Ó gbé ẹsẹ̀ mélòó kan, ó dúró, ó tẹ orí ba. "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o. Èmi rèé." Ó tún gbé ẹsẹ̀ mélòó kan. "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀. Ọmọ yín rèé."

Ìgbà náà ló yé mi. Kò mọ ojú ibi tó wà, nítorí náà ló ṣe fẹ́ kí i níbi gbogbo.

Bí a ṣe ń lọ nìyẹn. Bó bá ti kí i, á sọ ohun kan fún un. Ó sọ pé òun wà láàyè. Ó sọ pé òun lọ́kọ, ọkọ náà sì ṣe dáadáa kó tó lọ. Ó sọ iye ọmọ tó bí, ó sọ ti èyí tó kú ní kékeré. Ó sọ pé bàbá kò fẹ́ ìyàwó mìíràn fún ìgbà pípẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀ kan tán, á rìn díẹ̀ síwájú, á tún sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá ibi tó ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ni ìyá rẹ̀ ti ń gbọ́. "Mi ò gbàgbé yín o. Ibòmíràn ni mo ń lọ, mi ò mọ̀ ni. Ẹ má bínú." Èyí ló sọ jù. Mọ́tò panápaná ń rọra bọ̀ ní ẹ̀yìn, awakọ̀ rẹ̀ ti bọ́ fìlà.

Láàárín ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Mo sún mọ́ ọn, ó ní kí n fi òun sílẹ̀ ná. Òòrùn ti yọ, títì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ na ọwọ́, mo dì í mú, ọwọ́ náà fúyẹ́. A dé ìparí títì. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, "Màmá, a ti dé o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mọ́tò gbé wa padà."

Ó yíjú, ó wo ọ̀nà tí a gbà wá. Ẹ̀gbẹ́ kan ni a rìn, ẹ̀gbẹ́ kejì sì wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa kò kàn. Kó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀.

A tún rìn ín padà. N kò lè sọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Mo ti ń bá a kí ìyá rẹ̀ nígbà náà, n kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní, "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀," èmi náà á tẹ orí ba, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá," èmi tí wọn kò tíì bí lọ́jọ́ tí ìyá náà kú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n dákẹ́.

Nígbà tí a padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, omijé ti gbẹ lójú rẹ̀. Awakọ̀ panápaná sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà níbẹ̀ báyìí?"

"Rárá o," ìyá onílé mi dáhùn, ó sì na ọwọ́ kí n bá òun mú bàtà. "Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó lè wà níbẹ̀ tí mi ò kí i dé."